Ìbéèrè Yín Lórí Ọgbà: Ìkórè Ìparí Àsìkò Àtàwọn Ẹranko Tó Ń Bá Wa Jẹ Nínú Ẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń gbin ohun jíjẹ sẹ́yìnkùlé. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ ohùn kan náà ló ń jáde látinú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀: àsìkò ń lọ sópin, nǹkan ń pọ́n, ẹyẹ ń ṣá a, eku ń gé e, ìgbín ń fá a, kí la máa ṣe? Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò ọkàn mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tá à ń bá ẹyẹ àti ẹranko jà níparí àsìkò, ìkórè tó pẹ́ ló ń fà á. Ohun tó ti gbó tá a fi sílẹ̀ lórí igi, àwọ̀ ẹ̀ àti òórùn ẹ̀ ń pe gbogbo ohun tó lẹ́nu wá. Ẹni tó bá ń ká nǹkan lásìkò ti borí ìdajì ìjà yẹn láìfín oògùn kankan. Ó yá, ká lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Tòmátò mi so gan-an, àmọ́ èyí tó wà lórí igi báyìí tutù ni gbogbo ẹ̀, kò sì ní pẹ́ mọ́ tójú ọjọ́ máa yí. Èyí tó bá fẹ́ pọ́n, kílẹ̀ tó mọ́ ẹyẹ ti lu ú. Ṣé kí n ká a ní tútù ni àbí kí n ṣì máa wò ó? Wọ́n ní tí mo bá ká a ní tútù kò ní dùn. (Ìyá Ọlọ́gbà)

Ẹ kúu làálàá o Ìyá Ọlọ́gbà. Ẹ má wò ó mọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo tútù ló jọra o, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ lọ sídìí igi yẹn láàárọ̀, ẹ yí tòmátò kọ̀ọ̀kan wò nísàlẹ̀, ìyẹn òdìkejì ibi tó ti so mọ́ igi. Ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ yí padà, àwọ̀ ewé yẹn á kọ́kọ́ ṣì, á wá fara jọ funfun, lẹ́yìn náà ẹ máa rí i tó ń ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tó fẹ́ pupa díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí pupa kékeré yẹn báyìí, ẹ ká a. Ohun tí igi fẹ́ fún un ó ti fún un tán, òun fúnra ẹ̀ ló máa máa parí iṣẹ́ tó kù torí ó ti ń mú gáàsì kan jáde lára tí wọ́n ń pè ní ethylene, gáàsì yẹn ló ń mú èso pọ́n. Adùn ẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí èyí tó pọ́n sórí igi débi tẹ́ ẹ máa fi mọ̀, kódà ó sàn ju èyí tẹ́yẹ ti ṣá, èyí tẹ́ ò ní lè jẹ rárá.

Ẹ tẹ́ ẹ sínú ilé, kó má gorí ara wọn, níbi tó móoru díẹ̀, bíi dígírì 20 sí 25. Kò nílò oòrùn o. Àwọn èèyàn máa ń tò ó sójú fèrèsé kí oòrùn lè pa á, ooru ló ń mú un pọ́n, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Tí ooru bá wá pọ̀ ju 30 lọ, àwọ̀ pupa yẹn kì í jáde dáadáa, ó máa ń dúró sí yẹ́lò tàbí bí àwọ̀ ọsàn. Ẹ má sì kó o sí fíríìjì nígbà tí kò tíì pọ́n, torí tó bá ti tutù tó dígírì 10 sísàlẹ̀, ìpọ́n ẹ̀ máa dúró, tẹ́ ẹ bá kó o jáde padà ó lè máa rà láìpọ́n.

Èyí tó tutù pátá ńkọ́? Ẹ mú ọ̀kan tó ti tóbi tó, ẹ là á sí méjì. Tí ọ̀bẹ bá gé àwọn kóró inú ẹ̀, kò tíì gbó, irú ẹ̀ kò ní pọ́n dáadáa, ẹ sè é ní tútù. Àmọ́ tí kóró bá yọ̀ bọ́rọ́ kúrò lójú ọ̀bẹ, tí nǹkan yọ̀ọ́lọ̀ bo kóró náà lára, ó ti gbó nìyẹn, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó tóbi tó báyìí máa pọ́n. Ẹ kó wọn sínú páálí, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n tàbí ápù sáàárín wọn torí àwọn náà ń mú gáàsì yẹn jáde, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ lè yọ èyí tó bá fẹ́ rà kó má ba ìyókù jẹ́.

Fún àsìkò tó ń bọ̀, tó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kójú ọjọ́ yí, ẹ já orí igi tòmátò kúrò, ẹ já àwọn òdòdó tuntun náà sọnù, torí òdòdó tó yọ nígbà yẹn kò ní ráyè di èso, agbára ló kàn ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ wá kù. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń ṣá tòmátò, òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, pàápàá tí òjò bá ti dáwọ́. Ẹ gbé àwo omi tí kò jìn síbì kan tó jìnnà sí tòmátò, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, ẹ máa rí i pé ìṣá máa dín kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ wo ojú nẹ́ẹ̀tì náà dáadáa: tí ìka yín bá lè wọ ojú ihò ẹ̀, ó ti fẹ̀ jù, ẹyẹ, àdán àti ejò lè há síbẹ̀ kí wọ́n sì kú ikú oró. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, látoṣù September 2021, òfin ti wà pé ojú nẹ́ẹ̀tì tí èèyàn máa fi bo èso nílé ò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 5 sí 5 lọ tí wọ́n bá nà án tán. Òfin tó dáa gan-an ni lójú tèmi. Ẹ fa nẹ́ẹ̀tì náà le, kó má rọ̀ wálẹ̀.

Mo lọ ata gbígbẹ kúnná, mo fọ́n ọn sára tòmátò àti àgbàdo kí ẹyẹ má bàa débẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì wọ́n tún ti dé. Ṣé ata yẹn ni kò ta tó ni? (Bàbá Alágbàdo)

Rárá o Bàbá, ata yín ta. Ẹyẹ ni kì í mọ ata lára. Ohun tó ń mú ata ta ni capsaicin, ẹnu àwa èèyàn, eku, ọ̀kẹ́rẹ́, ehoro, gbogbo ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ló máa ń ta, àmọ́ ti ẹyẹ ò rí bẹ́ẹ̀, capsaicin kì í mú nǹkan kan ṣe ẹnu ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ẹyẹ tó ń gbé ata pupa mì bẹ́ẹ̀ tí kò sì ní ṣẹ́jú. Kóró ata náà á gba inú ẹ̀ kọjá láìbàjẹ́, á yà á síbòmíì, ata tuntun á hù níbẹ̀. Ata tẹ́ ò gbìn tó dédé hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó lè jẹ́ ẹyẹ ló gbìn ín fún yín.

Tó bá jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń yọ yín lẹ́nu ni, ata lè lé e títí òjò fi máa wẹ̀ ẹ́ dà nù. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ràn kéèyàn máa fọ́n lẹ́búlẹ́bú ata kiri ọgbà, ó máa ń wọ ojú ẹran, ojú ajá ilé, ojú ẹ̀yin fúnra yín tí atẹ́gùn bá fẹ́.

Àgbàdo ní tiẹ̀, ẹ dúró kí irun orí ẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ di búráùn, ìyẹn ni pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti dé ibi tó ń lọ, kẹ́ ẹ wá fi àpò bébà bo orí ọmọ àgbàdo kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ so ó. Tẹ́ ẹ bá bò ó ṣáájú ìgbà yẹn, kò ní lọ́mọ dáadáa. Tó bá jẹ́ tútù lẹ fẹ́ jẹ ẹ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí irun yẹn bá yọ, ẹ fi èékánná tẹ ọmọ kan. Tí omi ẹ̀ bá funfun bíi wàrà, ẹ ká a lọ́jọ́ náà.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, èmi ni mò ń bá mọ́mì mi tọ́jú ọgbà. Mo rí kòkòrò àwọ̀ ewé ńlá kan lára igi tòmátò, àwọn nǹkan funfun kéékèèké sì wà lẹ́yìn ẹ̀ bí hóró ìrẹsì, ó pọ̀ gan-an. Dádì ní kí n tẹ̀ ẹ́ pa kíá. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín.

Káàárọ̀ ọmọ mi, o ṣeun tó o bèèrè. Sọ fún dádì pé mo kí wọn, kẹ́ ẹ má pa á.

Hóró ìrẹsì tó o rí yẹn kì í ṣe ẹyin kòkòrò náà. Agbọ́n kékeré kan ló wà ńbẹ̀, wọ́n ń pè é ní Cotesia, ó kéré débi pé tó bá bà sí ọ lápá o lè má mọ̀, kì í sì í ta èèyàn. Ìyá agbọ́n yìí máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò tó ń jẹ ewé, ìdin tó bá pa á máa jẹun nínú ibẹ̀, nígbà tó bá tó àkókò wọ́n á lu awọ kòkòrò náà jáde, oníkálukú á wá hun ilé òwú funfun kan sẹ́yìn ẹ̀. Ilé òwú yẹn lo rí. Kòkòrò ńlá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jẹun mọ́, ó máa kú láìpẹ́. Tó o bá fi í sílẹ̀, àwọn agbọ́n yẹn máa jáde, wọ́n á sì lọ wá kòkòrò míì nínú ọgbà yín. Tó o bá pa á, o ti pa gbogbo wọn nìyẹn.

Tó bá wà níbi tí ẹ̀rù ti ń ba mọ́mì láti ká tòmátò, gé ewé tó wà lórí ẹ̀, kó o rọra gbé òun àti ewé ẹ̀ sẹ́bàá ọgbà. Kòkòrò tí kò bá ní nǹkan funfun lẹ́yìn, ìyẹn ni kó o ṣà sínú omi ọṣẹ. Lálẹ́ lo máa tètè rí wọn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, àgàgà tó bá jẹ́ èyí tó ń tan iná UV, ara wọn máa ń tàn yanran nínú ẹ̀.

Mo fẹ́ kó o tún wá nǹkan míì fún mi. Wo ẹ̀yìn ewé tí kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ewé bá kún. Tó o bá rí kòkòrò kan tó dúdú, tó gùn, tó lẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí àmì bí àwọ̀ ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó ń rìn káàkiri láàárín wọn, ọmọ kòkòrò pupa rìbìtì tó ní tótòtó dúdú lẹ́yìn nìyẹn. Kò jọ ìyá ẹ̀ rárá, torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe máa ń pa á, bẹ́ẹ̀ àwọn wínníwínní yẹn ló ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo rìnrìn àjò, mo fi ilá sílẹ̀, ìgbà tí mo dé ó ti le bí igi, kò sì so tuntun mọ́. Ṣé ó ti parí nìyẹn? (Ọlọ́gbà Arìnrìn-àjò)

Kò tíì parí. Ilá kì í dúró de èèyàn, láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí òdòdó ẹ̀ bá là ló yẹ kéèyàn ti ká a, nígbà tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó orí ẹ̀ wò, tó bá kán pọ́ọ́ ó ṣì dáa, tó bá kàn tẹ̀ tí kò kán, ó ti le. Èyí tó ti le lórí igi, ẹ gé gbogbo ẹ̀ kúrò, torí nígbà tí kóró bá ti ń gbó nínú ẹ̀, igi náà máa gbà pé òun ti bímọ tán, kò ní wàhálà láti so míì. Ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀ lára igi tó dáa jù láti fi ṣe irúgbìn, kó gbẹ dé ibi tó fi máa ń dún. Ẹ̀wà tá à ń jẹ ní tútù náà, bákan náà ni. Tẹ́ ẹ bá tún máa rìnrìn àjò, ẹ ní kí aládùúgbò wá máa ká a, kó sì máa jẹ ẹ́. Ọgbà yín ló ń bá yín tọ́jú.

Òdòdó elégédé mi pọ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ tí ọmọ kékeré bá yọ, ó máa pọ́n ràkọ̀ á sì rà dànù. Ṣé kí n fín oògùn ni?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fín nǹkan kan. Oyin ni kò dé ibẹ̀. Elégédé ní òdòdó akọ àti òdòdó abo. Abo lèyí tí ọmọ kékeré wà nídìí ẹ̀, akọ dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán. Òdòdó yìí máa ń là ní ìdájí, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti pa dé, ọjọ́ kan péré lọjọ́ ayé ẹ̀. Tí oyin ò bá gbé lẹ́búlẹ́bú akọ dé inú abo láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, ọmọ náà máa rà. Níparí àsìkò, oyin máa ń dín kù, nítorí náà ẹ jí láàárọ̀, ẹ já akọ kan, ẹ bó àwọn ewé òdòdó ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi lẹ́búlẹ́bú àárín ẹ̀ pa àárín abo yíká. Ó tán. Oògùn kòkòrò tẹ́ ẹ bá sì fín sí òdòdó tó là, oyin lẹ máa pa, wàhálà tẹ́ ẹ kọ̀wé lé lórí yìí á wá di ti gbogbo àdúgbò.

Elégédé mẹ́ta ló kù fún mi. Eku ti gé ọ̀kan lápá kan, ṣé mo lè gé ibẹ̀ sọnù ká jẹ ìyókù? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwọn méjì tó kù ti gbó? Nǹkan míì, ọ̀kan tó dédé hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn ajílẹ̀, mo sè é, ó korò gan-an. Ṣé tí mo bá sè é pẹ́ sí i, kò ní lọ? (Ìyàwó Ilé)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìkẹyìn torí òun ló lágbára jù. Èyí tó korò yẹn, ẹ dà á nù báyìí báyìí, ẹ má fún ẹran jẹ. Ohun tó ń mú un korò ń jẹ́ cucurbitacin, májèlé ni, sísè kì í pa á, bó ti wù kó pẹ́ lórí iná tó. Ní Jámánì lọ́dún 2015, bàbá ẹni ọdún 79 kan kú lẹ́yìn tó jẹ ọbẹ̀ zucchini, ìyẹn ọmọ ìyá elégédé, tí aládùúgbò wọn gbìn sí ọgbà ilé. Ìyàwó ẹ̀ jẹ díẹ̀, òun yè é. Wọ́n ti mọ̀ pé ó korò nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́ o.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Oyin lè gbé lẹ́búlẹ́bú látara elégédé tí wọ́n gbìn fún ẹwà lásán wá sára tiyín. Èyí tó so lọ́dún yẹn kò ní korò, àmọ́ kóró inú ẹ̀ ti dàpọ̀, tó bá wá hù lọ́dún kejì, kò sẹ́ni tó mọ irú ohun tó máa so. Elégédé tó hù fúnra ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn, inú irú kóró bẹ́ẹ̀ ló ti lè wá. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa hú u dànù, àmọ́ kẹ́ ẹ tó sè é, ẹ gé bíńtín, ẹ fi kan ahọ́n ní tútù. Tó bá korò, ẹ tu ú, ọ̀rọ̀ ti parí.

Èyí tí eku gé, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má gé ibì kan sọnù ká jẹ ìyókù. Ìtọ̀ eku àti itọ́ ẹ̀ lè gbé àìsàn bíi leptospirosis àti salmonella, ojú ò sì lè rí ibi tó dé. Ó máa ń dun èèyàn, mo mọ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tẹ́ ẹ ti ń bomi rin ín. Bákan náà lèsì mi fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè lórí tòmátò tí ẹyẹ ti ṣá, àti ẹ̀fọ́ tí ẹyẹ yàgbẹ́ sí tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ láìsè: ẹ má jẹ ẹ́.

Ó wá ku méjì. Ẹ fi èékánná tẹ èèpo ẹ̀. Tí èékánná ò bá wọlé, tí ọrùn ẹ̀ sì ti gbẹ tó le bí igi, ó ti gbó. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kẹ́ ẹ fi ọrùn ẹ̀ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, torí ibi tí ọrùn bá ti já ni kòkòrò ìrà máa gbà wọlé. Ẹ má fi ọrùn gbé e. Ẹ wá fi í síbi tó móoru, tí atẹ́gùn ń fẹ́, bíi dígírì 27 sí 29, fún ọjọ́ mẹ́wàá, èèpo ẹ̀ á le sí i, ojú egbò kéékèèké á jinná. Lẹ́yìn náà, ibi tó gbẹ tó sì tutù díẹ̀, orí pákó, kì í ṣe ilẹ̀ lásán, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ọ̀dùnkún tó ń dùn (sweet potato) náà nílò irú ìtọ́jú báyìí, òun máa ń fẹ́ ibi tó móoru tó sì lómi nínú afẹ́fẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fọ ọ̀dùnkún kẹ́ ẹ tó kó o pa mọ́, ẹ kàn gbọn yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ nù.

Ìgbín tí kò níkarahun ń fá ẹ̀fọ́ mi tán lóru. Mo ti ń da iyọ̀ sí wọn, ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra oògùn ìgbín. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan náà tún wà lábẹ́ korobá, ẹ̀rù ń bà mí pé ó máa fa ejò wá. Kí n lé e? (Ẹni Tẹ́rù Ń Bà)

Ẹ fi ọ̀pọ̀lọ́ yẹn sílẹ̀, mo bẹ̀ yín. Òun gan-an ló ń bá yín ṣiṣẹ́ òru, ìgbín, kòkòrò, èèrà, ohun tó bá ti ń rìn tó bá ẹnu ẹ̀ mu ló ń gbé mì. Iyọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró, torí ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ẹ̀fọ́ kì í ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ oníyọ̀, àti pé awọ ara ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń fa omi, iyọ̀ yẹn ń jó o lára.

Oògùn ìgbín ńkọ́? Ẹ ka ara páálí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí metaldehyde níbẹ̀, ẹ dá a padà, ó ń pa ajá, ó ń pa ẹyẹ àtàwọn ẹran tó ń jẹ ìgbín. Ilẹ̀ Britain ti fòfin de lílo ẹ̀ níta gbangba láti ìparí March 2022. Èyí tí wọ́n fi iron phosphate ṣe rọrùn jùyẹn lọ, tó bá di dandan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pákó. Ẹ tẹ́ pákó fẹ̀ẹ̀fẹ̀ kan sáàárín ẹ̀fọ́ nírọ̀lẹ́, tó bá di àárọ̀ ẹ yí i padà, gbogbo wọn á ti sá sábẹ́ ẹ̀ nítorí oòrùn, ẹ wá kó wọn. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ sì máa bomi rin, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ tó tutù lóru lọ̀nà tí wọ́n ń gbà rìn.

Ní ti ejò, eku ló ń tẹ̀ lé jù, oúnjẹ sísè tẹ́ ẹ dà sí àkìtàn àti èso tó jábọ́ ló ń pe eku. Ẹ ṣa gbogbo èso tó bá já sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ gé koríko ẹ̀bá ilé lulẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ ohunkóhun tẹ́ ò tíì fi igi yẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá rí ejò, ẹ sún sẹ́yìn kó kọjá, tí kò bá lọ, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n mú. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ajá gbé e sẹ́nu, oje ara ẹ̀ lè ṣe é léṣe.

Ọkọ mi ní gbàrà tá a bá kórè tán, òun máa hú gbogbo ẹ̀ tigbòǹgbò tigbòǹgbò, òun á kó o jọ, òun á dáná sun ún kí ọgbà lè mọ́. Ó ń dùn mí, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé. (Aya Olóko)

Ẹ kí bàbá fún wa. Apá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gba, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ìyókù. Igi tòmátò tí ewé ẹ̀ ní ojú dúdú tó ń ràn kíákíá, tí igi ẹ̀ náà ń dúdú, tí èso ẹ̀ ní ojú búráùn tó le, àìsàn tí wọ́n ń pè ní late blight ló jọ. Ohun kan tójú ò lè rí tí wọ́n ń pè ní Phytophthora infestans ló ń fà á, òun náà ló ba ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) àwọn ará Ireland jẹ́ láti 1845 tí ìyàn ńlá fi mú níbẹ̀. Irú igi yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà, ẹ má kó o sí àkìtàn ajílẹ̀. Bàbá lè ṣe ìyẹn bí wọ́n ṣe fẹ́.

Èyí tí ara ẹ̀ dá ni kí wọ́n fọwọ́ mú. Ẹ gé e ní ojú ilẹ̀, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀ kó jẹrà, ekòló máa jẹ ẹ́, ihò tó bá fi sílẹ̀ lomi òjò máa gbà wọlẹ̀. Igi tó gbẹ tó sì ní ihò nínú, oyin tí kì í gbé inú ilé oyin, èyí tó ń dá gbé, máa ń yé ẹyin sínú ẹ̀, kòkòrò pupa rìbìtì yẹn náà máa ń sá sábẹ́ ewé gbígbẹ nígbà tójú ọjọ́ ò bá rọgbọ. Ewéko olóòórùn tó ti yọ òdòdó tẹ́ ò jẹ mọ́, ẹ jẹ́ kó là, nígbà yẹn oyin ò fi bẹ́ẹ̀ rí òdòdó míì. Tí bàbá bá fẹ́ ibi tó mọ́ tónítóní, ẹ fún wọn níwájú ọgbà, kí ẹ̀yìn jẹ́ ti àwọn ẹ̀dá yìí. Tí wọ́n bá ti kó òkìtì jọ fún iná, ẹ tú u wò kí wọ́n tó ṣáná sí i, torí ọ̀pọ̀lọ́ àti alángbá máa ń sá wọ abẹ́ òkìtì kí ọjọ́ méjì tó pé.

Ẹ̀wà nìkan ló ku kẹ́ ẹ yẹ gbòǹgbò ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó pinnu. Ẹ hú ẹyọ kan. Ẹ máa rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò náà. Ẹ fi èékánná ha kókó kan: tó bá bọ́ wẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ là á tí inú ẹ̀ pupa díẹ̀, àwọn bakitéríà tó ń fa nitrogen látinú afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, ìyẹn ló dáa, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Àmọ́ tí kò bá ṣeé ha bọ́, tó jẹ́ gbòǹgbò náà fúnra ẹ̀ ló wú, aràn wínníwínní inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nematode ló wọ̀ ọ́. Ẹ hú gbogbo igi yẹn tigbòǹgbò, kí bàbá sun ún, ẹ má sì gbin ilá tàbí tòmátò síbẹ̀ ní àsìkò tó ń bọ̀, torí aràn yìí fẹ́ràn àwọn méjèèjì.